Igi òdòdó píǹkì lẹ́bàá ògiri: ṣé oleander ni, ṣé kí n hú u?

Ìdí_Igi béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọgbà. Igi kan wà lẹ́bàá ògiri ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀. Ó ga tó mítà mẹ́ta. Kò ní ìtí kan gbòógì. Ìdí kan náà ni ọ̀pá bíi mẹ́wàá ti yọ, gbogbo wọn sì nà sókè. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó nípọn, ó sì le. Ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó píǹkì rẹ̀ ti ń tanná ní ṣùṣù, ó sì ń ta sánsán tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ará ilé kejì ní oleander ni, pé májèlé ni láti ewé dé gbòǹgbò, kí a gé e lulẹ̀ kí a sì dáná sun ún. Ẹlòmíràn fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní irú igi yìí kún etí títì káàkiri, ta ló ti pa rí?

Ìbéèrè mi nìyí: kí ni mo máa wò tí yóò fi dá mi lójú pé oleander ni? Ṣé fífọwọ́ kàn án nìkan léwu, àbí ó di ìgbà tí èèyàn bá jẹ ẹ́? Ọmọ ọdún méjì wà nílé, tí ohun gbogbo tó bá rí ń lọ sẹ́nu, ewúrẹ́ sì wà lẹ́yìnkùlé. Tí mo bá sì gé e, níbo ni kí n kó ẹ̀ka rẹ̀ sí?

Aṣọ́gbà_Àgbà fèsì:

Ẹ má tíì gé e, ẹ má sì dáná sun ún rárá. Èéfín rẹ̀ ní májèlé nínú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́.

Oleander ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Nerium oleander. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló kọ orúkọ yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1753, kò sì sí igi mìíràn tó ń jẹ́ Nerium. Ẹbí Apocynaceae ló ti wá, ẹbí tó kún fún igi olóje àti igi olóró.

Ewé ni kí ẹ wò ṣáájú òdòdó, torí òdòdó á lọ, á bọ̀, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ wà lórí igi látòkèdélẹ̀ ọdún. Ẹ di ẹ̀ka kan mú, kí ẹ wo ojú ibi tí ewé ti yọ. Lára oleander, mẹ́ta mẹ́ta ni ewé sábà máa ń yọ láti ojú kan náà, wọ́n á yí ẹ̀ka po. Lórí ẹ̀ka tí kò lókun, ẹ lè rí méjì méjì tó kọjú síra. Gígùn ewé náà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 sí 20, ìbú rẹ̀ kì í sábà ju 3 lọ. Ìṣan àárín rẹ̀ yọ síta, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju ti ewé lọ. Wàyí o, ẹ gbé ewé kan sókè sí oòrùn kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ẹ ó rí àwọn ìṣan wẹ́wẹ́ tó ti ara ìṣan àárín ya sí ọ̀tún àti òsì. Wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n sún mọ́ra, wọ́n sì tọ́ gbọọrọ dé etí ewé láì tẹ̀. Ewé púpọ̀ ló tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ìṣan tó tò báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ní ti òdòdó, ojú márùn-ún ló ní, wọ́n so pọ̀ nísàlẹ̀ di ihò kékeré kan. Lẹ́nu ihò yẹn ni ẹ ó ti rí wajawaja tó gé ṣẹ́kẹṣẹ̀kẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti òdòdó mu. Ìbú òdòdó kan tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Funfun wà, píǹkì wà, pupa wà, àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ náà wà. Wọ́n ti mú àwọn irú kan jáde tí ojú òdòdó wọn wà ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Lára irú èyí, wajawaja náà lè fara pamọ́, kí ẹ padà sọ́dọ̀ ewé.

Tí òdòdó bá rẹ̀ dànù, èso tó lè jáde á rí bí ọ̀pá méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra, á nà ṣánṣán, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20. Nígbà tó bá gbẹ, á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irúgbìn onírun wẹ́wẹ́ á sì máa fò lọ nínú atẹ́gùn. Igi tí wọ́n ń gé lórí lemọ́lemọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ so.

Àwọn tí èèyàn máa ń ṣì mú: Thevetia, tí òdòdó ìyeyè rẹ̀ rí bíi fèrè. Ewé tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti Nerium lọ, ó ń dán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yọ lára ẹ̀ka, kì í yọ ní mẹ́ta mẹ́ta. Oje rẹ̀ funfun kinniwin, èso rẹ̀ tóbi, ó tutù ní àwọ̀ ewé kó tó dúdú, kóró líle kan sì wà nínú rẹ̀. Irú májèlé kan náà ni àwọn méjèèjì ní, kóró Thevetia ló sì burú jù. Adenium náà jọ ọ́ lójú òdòdó, ṣùgbọ́n ìdí igi rẹ̀ wú bàmù. Ẹ má fi òun náà ṣeré. Allamanda tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè máa ń fà mọ́ nǹkan, ewé rẹ̀ sì fẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru lòun máa ń fún èèyàn, kò dé orí ọkàn.

Ẹ̀fúùfù_Lẹ́lẹ́ fèsì:

Ẹ máa ṣọ́ra o. Wọ́n ní òórùn rẹ̀ nìkan ń pa èèyàn tó bá sùn sábẹ́ rẹ̀, oyin tó bá sì jẹ níbẹ̀, oyin rẹ̀ di májèlé. Àwọn ọmọ ogun ayé àtijọ́ fi ọ̀pá rẹ̀ sun ẹran jẹ, wọn ò jí mọ́. Ẹ hú u kíá!

Aṣọ́gbà_Àgbà fèsì:

Ẹ̀fúùfù_Lẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ ká ya òótọ́ sọ́tọ̀, torí tí a bá sọ pé ohun gbogbo ń pa, èèyàn ò ní mọ èyí tó yẹ kó sá fún.

Òórùn òdòdó rẹ̀ kì í pa èèyàn. Ó lè fún ẹlòmíràn ní orí fífọ́ tó bá wà nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, ó parí. Ní ti oyin, òdòdó oleander kò ní omi dídùn tí oyin ń wá kiri. Ẹwà àti òórùn nìkan ló fi ń tan kòkòrò jẹ.

Ìtàn àwọn ọmọ ogun yẹn ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, oríṣiríṣi ogun ni wọ́n sì máa ń gbé e sí. Àwọn onímọ̀ nípa májèlé kan ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pá oleander sun sọ́séèjì láti fi dán an wò, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009: oleandrin, májèlé inú igi náà, tó wọ inú ẹran náà kéré débi pé kò tó nǹkan. Ìyẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá rẹ̀ gún ẹran o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí ewu wà gan-an ni kí a dojú kọ: jíjẹ ẹ́, mímu omi tó ti wà nínú rẹ̀, fífa èéfín rẹ̀ símú, àti kí oje rẹ̀ kan ojú tàbí egbò. Tí oje rẹ̀ bá kan ara tó dá ṣáká, ó lè yún àwọn kan, tàbí kó lé wúruwùru; ọṣẹ àti omi tó láti fi fọ̀ ọ́ kúrò. Fífọwọ́ kan ewé nígbà tí ẹ ń kọjá kì í ṣe ohun tí a ń torí rẹ̀ sáré lọ ilé ìwòsàn.

Omi tí mo dárúkọ yẹn, àwọn èèyàn kì í kà á sí. Ẹni tó bá já òdòdó rẹ̀ sínú ife lórí tábìlì ti po májèlé sínú ife yẹn. Bákan náà ni ìgò omi tí wọ́n ki ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ kó lè ta gbòǹgbò.

Oníṣègùn_Ẹran fèsì:

Mo fẹ́ bá Ìdí_Igi sọ̀rọ̀ lórí ewúrẹ́ yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Igi tó dúró kọ́ ló ń pa ẹran jù. Ẹ̀ka tí wọ́n gé sílẹ̀ ni.

Ewé tútù rẹ̀ korò burúkú, ó sì le lẹ́nu. Ẹran tó yó á bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, á tu ú dànù. Ṣùgbọ́n bí ewé náà bá ti ń rọ, tó ń gbẹ, ìkorò rẹ̀ á máa dín kù, májèlé inú rẹ̀ kò sì ní bá a lọ. Oòrùn kì í pa á, ọjọ́ pípẹ́ kì í pa á, sísè náà kì í pa á. Tó bá wá bá koríko gbígbẹ pọ̀, ẹran kò ní lè ṣà á kúrò mọ́. Bí ọ̀ràn ṣe máa ń rí nìyí: ẹnì kan gé igi ọgbà rẹ̀, ó ju ẹ̀ka rẹ̀ sí òdìkejì ògiri, tàbí ó dà á sórí ààtàn tí ẹran ń lọ. Ẹran rí ewé tó ti rọ, ó jẹ ẹ́, ilẹ̀ mọ́, ó ti kú.

Ìwọ̀n rẹ̀ kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Fún màlúù àti ẹṣin, iye tí ìwé ìtọ́jú ẹran sábà máa ń dá ni ewé gbígbẹ tó tó ìdá 0.005 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹran náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹṣin tó wọn kílò 500, gíráàmù 25 péré ni. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni ewé gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́, àgùntàn, ajá, ológbò, ehoro, ẹyẹ ilé, kò yọ ẹnìkan sílẹ̀.

Àmì tí ẹ ó rí: ẹran kò ní jẹun mọ́, á máa kérora, inú á máa run ún, á yà ìgbẹ́ gbuuru tí ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ àti etí rẹ̀ á tutù, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ òsì, ẹ ó gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tí á fo ọ̀kan, tí á tún sáré méjì. Nígbà mìíràn kò ní sí àmì kankan, òkú rẹ̀ nìkan ni wọn á bá.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kó oúnjẹ iwájú rẹ̀ kúrò, àti ti àwọn tó kù. Ẹ fi í síbi tó tutù kó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má lé e, ẹ má mú un sáré, ẹ má fi okùn wọ́ ọ, torí ọkàn tí májèlé yìí ti mú kò lè gba wàhálà. Ẹ má rọ òróró tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pe dókítà ẹran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó wá fún un ní èédú ìwòsàn, èyí tí wọ́n ṣe láti fa májèlé mọ́ra nínú ikùn. Tó bá kú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún ajá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú ọpọ́n omi wọn. Ewé tó bọ́ sínú omi mímu tó ohun tó lè dá gbogbo agbo dúbúlẹ̀.

Ìdí_Igi fèsì:

Ẹ ṣeun gidi. Mo ti wò ó: mẹ́ta mẹ́ta ni ewé, ìṣan rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, wajawaja wà lẹ́nu òdòdó. Oleander ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló wá ń já mi láyà báyìí. Tó bá jẹ ewé kan, kí ni kí a ṣe? Ṣé mílíìkì ń pa májèlé náà?

Nọ́ọ̀sì_Òru fèsì:

Mílíìkì kì í pa á. Kò sí ohun kan nínú ilé ìdáná tó ń pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe nínú ara, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní dúró máa wo ojú ọmọ. Ẹ̀yà ara kéékèèké tó para pọ̀ di ọkàn wa ní ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi pọ́ǹpù: ó ń lé sódíọ̀mù jáde, ó ń fa pòtásíọ̀mù wọlé. Oleandrin tó wà nínú igi yìí máa ń dí pọ́ǹpù náà. Sódíọ̀mù á wá pọ̀ nínú, á fa kálísíọ̀mù wọlé tẹ̀lé e, pòtásíọ̀mù á sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á kọ́kọ́ fún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn náà ni lílù rẹ̀ á falẹ̀, á di ségesège, ó sì lè dúró. Ọ̀nà kan náà ni digoxin, oògùn ọkàn tí wọ́n ń mú jáde láti ara ewéko foxglove, ń gbà ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n wọn ti ilé ìwòsàn, ẹnikẹ́ni kò wọn ti orí igi.

Inú ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láàárín wákàtí díẹ̀: èébì, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, itọ́ tó ń dà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òòyì, oorun àsùnpiyè, àárẹ̀, ojú tó ń rí bàìbàì tàbí tó ń rí àwọ̀ ìyeyè yí nǹkan ká. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù. Ẹ má dúró de gbogbo èyí o. Ọmọ kékeré tí ẹ bá bá ewé tàbí òdòdó rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìwọ̀nba ewé díẹ̀ lè ṣe é léṣe, kódà ewé kan ṣoṣo kò ṣeé fojú di.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ fi ìka yọ ìyókù rẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi nu ẹnu náà, ẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má ki ìka sí i lọ́fun pé kó bì. Ẹ má fún un ní iyọ̀, òróró tàbí èédú tí ẹ fi ń dáná. Èédú ilé ìwòsàn yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ wo aago, kí ẹ mọ ìgbà tó jẹ ẹ́. Ẹ já ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e dání. Kí ẹ wá máa lọ sí ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ì báà yá gágá. Tí nọ́ńbà tẹlifóònù fún ọ̀ràn májèlé bá wà ní orílẹ̀-èdè tí ẹ wà, ẹ pè é lójú ọ̀nà, ẹ má jókòó sílé pè é.

Lọ́hùn-ún, wọn á so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ ọn láyà, wọn á gba ẹ̀jẹ̀ láti wo pòtásíọ̀mù. Tó bá tètè dé, wọ́n lè fún un ní èédú ìwòsàn. Tí ọkàn bá ń falẹ̀, oògùn atropine wà láti mú un yára. Fún èyí tó le, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹni tí digoxin pọ̀ jù lára rẹ̀, digoxin-Fab ni wọ́n ń pè é. Ó ń dì mọ́ oleandrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò lè pọ̀ ju ti digoxin lọ. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in lọ́wọ́, ìdí mìíràn nìyẹn tí a kì í fi í falẹ̀ nílé. Ohun kan tún wà fún ẹni tó bá ń bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀: tí wọ́n bá yẹ digoxin wò nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè fi hàn pé májèlé irú èyí wà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó bá gbé jáde kò sọ bó ṣe le tó. Nọ́ńbà kékeré kì í ṣe ìdí láti dá ọmọ padà sílé.

Ewé_Kan_Oògùn_Kan fèsì:

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sè é fún àìsàn awọ ara àti ọkàn. Tí kì í bá ṣe ohun tó dára, kí ló dé tí wọ́n fi ń lò ó láti ayébáyé?

Nọ́ọ̀sì_Òru fèsì:

Wọ́n lò ó lóòótọ́, ó sì pa nínú wọn. Bí oleandrin ṣe pọ̀ tó nínú ewé méjì kò dọ́gba: irú igi náà, ìgbà tí wọ́n já a àti apá ibi tí wọ́n mú lára rẹ̀ ń yí i padà, ìwọ̀n tó ń tọ́jú ọkàn àti èyí tó ń dá a dúró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Sísè rẹ̀ ń yọ májèlé sínú omi tí ẹ fẹ́ mu ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀ láti gbà kí wọ́n máa ta oleandrin gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, ní orílẹ̀-èdè kan náà, wọ́n yẹ àwọn oògùn kan tí wọ́n ń tà fún dídín sísanra kù wò, tí wọ́n kọ gbòǹgbò tejocote, igi eléso kan láti Mexico, sí lára. Thevetia ni wọ́n bá nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹni tó rà á kò mọ ohun tó ń gbé mì.

Òdòdó_Ọ̀sán fèsì:

Kí n gbè sẹ́yìn igi náà díẹ̀, kó má lọ dà bíi pé gbogbo ẹni tó ní in ló gbọ́dọ̀ hú u. Kò sí igi òdòdó púpọ̀ tó lè fara da oòrùn gangan, ọ̀dá, atẹ́gùn òkun àti èéfín ọkọ̀ bíi tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbìn ín sáàárín títì márosẹ̀ ní California. Ní Hiroshima ní Japan, lẹ́yìn bọ́ǹbù ọdún 1945, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tanná padà, òun sì ni òdòdó ìlú náà títí dòní. Níbi tí kò sí ọmọ kékeré, tí ẹran kì í dé, tí ẹni tó ń gé e sì mọ ohun tó ń ṣe, ó lè wà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀, kó máa gé e lẹ́yìn tí òdòdó bá ti tán, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta igi lọ lẹ́ẹ̀kan, torí orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń tanná. Ẹ̀ka tó ń yọ láti ìdí, fífà ya dára ju gígé lọ. Èyí tí ẹ bá gé á padà wá ní ìlọ́po. Kòkòrò ìyeyè ẹlẹ́sẹ̀ dúdú tó ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú rẹ̀, Aphis nerii, omi tó ń tú pẹ̀lú agbára tó láti gbọ̀n ọ́n dànù. Tí ẹ bá rí kókó wíwú lára ẹ̀ka, bakitéríà ló fà á: ẹ gé e kọjá ibi tó wú, kí ẹ sì fi bílíìṣì ìdá kan sínú omi ìdá mẹ́sàn-án nu irinṣẹ́ kí ẹ tó kan ẹ̀ka mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì àti ewúrẹ́ nínú ọgbà kan? Èmi náà á hú u.

Aṣọ́gbà_Àgbà fèsì:

Mo fara mọ́ ọn. Bí a ṣe ń hú u nìyí.

Ẹ mú ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, kí ọmọ àti ẹran wà níbòmíràn títí ẹ ó fi gbá ilẹ̀ tán. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìbọ̀wọ́ tó nípọn tí omi kì í là kọjá, àti awò tó bo ojú, torí oje máa ń ta síni lójú bí ayùn bá ń lọ. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀ka kúnná láìbo imú. Ẹ má jẹ, ẹ má mu nídìí iṣẹ́ náà, ẹ má sì fi ọwọ́ yẹn nu òógùn ojú.

Ẹ bu omi rin ìdí rẹ̀ dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ewé tó bá bọ́ sórí koríko ṣòroó ṣà, ohun tí Oníṣègùn_Ẹran sọ nípa ewé gbígbẹ sì wà lórí ìyẹn. Ẹ gé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan láti òkè wá, kí ẹ fi nǹkan bíi ìdajì mítà sílẹ̀ lókè ilẹ̀. Ẹ má gé e kanlẹ̀: ọ̀pá tó ṣẹ́kù yẹn lẹ ó dì mú láti fi mi ìdí rẹ̀. Ẹ wá gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká ní ìdajì mítà sí ìdí, kí ẹ máa gé gbòǹgbò tí ẹ bá bá, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀pá irin jin ín láti abẹ́. Èyí tó bá wà lẹ́bàá ògiri tí kò ṣeé gbẹ́, ẹ gé e kanlẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun glyphosate (oògùn apakoríko) tó nípọn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀, sójú kùkùté náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó gbẹ. Tó bá ti gbẹ, oògùn náà kò ní wọlé.

Ẹ̀ka ńkọ́? Ẹ gé e kúkúrú, ẹ dì í sínú àpò tó le, ẹ so ẹnu rẹ̀, kí ẹ fún àwọn akólẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé májèlé ni. Tí kò bá sí akólẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ju ìdajì mítà lọ, jìnnà sí kànga àti sí ibi tí ẹran ti ń jẹ. Ó ń jẹrà lóòótọ́, oleandrin inú rẹ̀ sì máa ń pòórá nínú òkìtì ìdọ̀tí tó ń gbóná dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n òkìtì tí kò gbóná kò ní ṣe iṣẹ́ yẹn, ewúrẹ́ á sì ti dé ibẹ̀ kó tó jẹrà. Fún ilé yín, ẹ má dán an wò.

Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ ká tapólì náà sínú ara rẹ̀ láì gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ irinṣẹ́ àti ìbọ̀wọ́, ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Ìdí_Igi fèsì:

Mo ti gbọ́, a ó hú u. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé ó lè tún yọ? Kí sì ni mo lè gbìn síbẹ̀ tí yóò tanná tí kò ní pa ẹnikẹ́ni?

Aṣọ́gbà_Àgbà fèsì:

Ó lè yọ láti ara gbòǹgbò tó bá ṣẹ́kù nítòsí ìdí. Ẹ máa wo ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ fa èyí tó bá yọ nígbà tí kò tíì ju ìka lọ, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ ṣa ewé gbígbẹ tó bá yọjú nínú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, kí ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ dé apá ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ pátápátá.

Hibiscus ni mo máa gbìn síbẹ̀. Ó ń fẹ́ oòrùn, ó ń tanná lemọ́lemọ́, ẹ lè gé e di ọgbà, ewé rẹ̀ kò sì ní májèlé ọkàn. Ìyọnu kan ṣoṣo tí ẹ ó ní ni pé ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀: ẹ fi wáyà yí i ká títí yóò fi ga kọjá orí wọn.